Ìjì Ńlá àti Ẹsẹ̀ Ìyá Arúgbó

Làmídì, pa rédíò yẹn. Mo ní kí o pa á! Bí èmi bá ń sọ̀rọ̀, tí ẹnì kan tún ń sọ̀rọ̀ nínú àpótí, èwo nínú wa ni kí àwọn èèyàn yìí gbọ́? Ẹ̀yin tí ẹ dúró sẹ́yìn, ẹ sún mọ́ iwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ àgbàdo, ẹ rọra máa jẹ ẹ́. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé òun fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, kó yáa dìde báyìí, kó máa lọ sílé rẹ̀, nítorí inú mi ò dùn lónìí.

Mo gbọ́ ohun tí ọ̀gbẹ́ni inú rédíò sọ. Ó ní ìjì ńlá kan jà ní òkè òkun, ó ṣí òrùlé, ó fa igi tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó gbé ọkọ̀ ojú omi gun orí ilẹ̀. Làmídì wá mirí, ó ní, "Àwọn òyìnbó ń rí nǹkan o! Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò kàn wá." Kò kàn wá kẹ̀? Ọmọ ilẹ̀ yìí ni ìjì náà! Níbí la ti bí i. Èmi Ọdẹ́rìndé, ọdẹ a-pa-ẹfọ̀n-má-wẹ̀yìn, mo mọ ìyá rẹ̀, mo mọ bàbá rẹ̀, mo sì ti jókòó nínú ikùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, ẹ bi ìyàwó mi. Òun náà wà níbẹ̀, kì í sì í gbè mí bí mo bá parọ́. Kódà, kì í gbè mí bí mo bá sọ òótọ́.

Ẹ wo ìlú Ọ̀dàn-Ẹtu yìí bó ṣe wà. Òkè wa, ilẹ̀ gbígbẹ ni. Oòrùn ibẹ̀ ń din èèyàn bí àkàrà. Ìsàlẹ̀ wa, igbó ni. Ara ewé ibẹ̀ kì í gbẹ. Ọ̀gbẹlẹ̀ ló ni òkè, Ìrì ló ni ìsàlẹ̀. Àwọn méjèèjì fẹ́ ara wọn, ọ̀rọ̀ wọn kò sì wọ̀ rí. Ìyàwó gbóná, ọkọ tutù, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jà. Ìjà yẹn ló ń bí àwọn ọmọ ààjà tí ẹ ń rí lójú ọ̀nà oko, tí wọ́n ń gbé háríhá àgbàdo yípo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dàgbà. Wọ́n á yí díẹ̀, wọ́n á kọlu igi, ó parí. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Fẹ́ẹ́rẹ́. Orúkọ a máa ro ọmọ, àmọ́ ti eléyìí kò rò ó rárá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àyìnkẹ́ ìyàwó mi sá èlùbọ́ sórí àpáta. Fẹ́ẹ́rẹ́ dé, kò kí ẹnikẹ́ni, ó dà á nù yányán. Ìyàwó mi dìde, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Ẹ mọ ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ọmọ kékeré yìí, o rí àgbà o ò kí i, èlùbọ́ lo rí bá jà! Èémí ajá mi lágbára jù ọ́ lọ!"

Ọ̀rọ̀ náà dun Fẹ́ẹ́rẹ́ wọra. Ó ní, "Èmi lẹ fi wé èémí ajá? Ó dáa. Mò ń lọ di ọba. Ẹ̀yin lẹ máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́ mi, tí ẹ ó máa kì mí." Kí n tó fa ìbọn yọ, ó ti gbé ìyàwó mi tòun ti atẹ́ èlùbọ́. Wọ́n ti fò kọjá lórí igi àràbà, wọ́n forí lé ìwọ̀-oòrùn, ọ̀nà òkun.

Mo figbe ta. Ará ìlú pé jọ. Baba Ọlọ́jẹ̀ẹ́dé, tí í ṣe olórí àwọn àgbààgbà wa nígbà náà, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sunkún tán. Ó ní, "Ẹ yọ̀! Ọmọ wa ti lọ òkè òkun! Bó bá dé ọ̀hún, á di èèyàn ńlá. Ẹ jẹ́ ká ti máa múra bí a ó ṣe kí i káàbọ̀." Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, ìyàwó mi ńkọ́?" Ó ní, "Ó lọ ṣojú ìlú ni." Àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́! Mo wo gbogbo wọn, mo gbé àpò ọdẹ mi kọ́ èjìká, mo bá ọ̀nà lọ. Ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀ ló mọ bó ṣe wúwo.

Mo kọ́kọ́ bọ́ sínú igbó àwọn iwin elétí kan. Àwọn wọ̀nyí fẹ́ràn ẹjọ́ ju oúnjẹ lọ, ṣùgbọ́n nítorí pé etí kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbọ́. Mo ro ẹjọ́ mi, kí n tó dẹ́nu dúró, wọ́n ti dájọ́ ikú fún Fẹ́ẹ́rẹ́. Inú mi dùn. Wọ́n wá ní n kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí ẹni tí mo pè lẹ́jọ́ á fi dé. Mo ní, "Ẹ ṣeun. Kí n tó jókòó, ta ni àgbà jù nínú yín, kí n lè mọ ẹni tí n ó kọ́kọ́ kí?" Haà, ìjà bẹ́! Gbogbo wọn ló ń ro ẹjọ́, kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Mo ń rìn lọ ní tèmi, wọ́n kò tilẹ̀ mọ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnì-kan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bó bá ṣe pé wọ́n ní etí kejì ni, ibẹ̀ ni ẹ ì bá ti lọ sìnkú mi.

Nígbà tí mo dé etí òkun, mo bá àgbà akàn kan tó tó ilé, ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn lọ, ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn bọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mò ń lé ìjì. Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń dún. Ó ní, "Ọdẹ, kí ló ń sáré lójú kan, tó jẹ́ pé bó bá máa kúrò níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa rìn? Bí o bá mọ̀ ọ́n, n ó fi ọ̀nà hàn ọ́. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, èékánná mi ń yún mi."

Mo ní ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀ ni. Ó ṣí èékánná. Mo ní ọlọ́jà tí ń pariwo ni. Ó na èékánná sí mi lọ́rùn. Ìgbà náà ni mo rántí ohun tí a fi ń ṣeré nígbà tí a wà lọ́mọdé. Mo kígbe pé, "Òkòtó ni!"

Ó pa èékánná dé. Ó ní, "Òkòtó ni lóòótọ́, ìjì kò sì ju òkòtó lọ. Apá rẹ̀ ló ń sáré. Òun fúnra rẹ̀ kò sáré. Ohun tó bá kó sínú apá rẹ̀ á fò, àmọ́ ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ lè bá a dé ibi tó ń lọ. Òkòtó kì í sì í yan ọ̀nà. Ibi tí ilẹ̀ bá dà sí ló ń yí lọ. Yára bá a, ọdẹ. Bó bá fi àyà gbá ilẹ̀ ní òdìkejì òkun, kò ní rí omi mu mọ́, ó máa fọ́ ni, gbogbo ohun tó gbé dání á sì bá a fọ́."

Àyìnkẹ́ wà lára ohun tó gbé dání.

Akàn ní kí n jókòó sínú igbá ńlá kan, kí n má fi nǹkan kan wà á. Ó ní àwọn Aláàárù á gbé mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín àwọn tí Aláàárù jẹ́. Ẹ̀fúùfù ni wọ́n, wọ́n tóbi, wọn kì í pariwo, wọn kì í sì í bínú. Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé ni wọ́n ti ń ru ẹrù láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Wọn kì í bi ẹrù pé kí lorúkọ rẹ̀. Bó jẹ́ eruku, wọ́n á rù ú. Bó jẹ́ ọba, wọ́n á rù ú. Wọ́n gbé mi láìsọ̀rọ̀, a bọ́ sójú agbami.

Ní àárín òkun, níbi tí omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, a kan ìlú kan tó léfòó, Ẹ-kú-àbọ̀ lorúkọ rẹ̀. Kò sí ìlú tó mọ àlejò ṣe tó o. Iwájú ilé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti gbé ìkòkò omi ka iná, kí ẹni tó bá yà lè fi omi gbígbóná wẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò rí òrùlé kan ṣoṣo. Olóyè wọn tó ń jẹ́ Ajíkíni jáde sí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, ẹ̀wù rẹ̀ ya dé ìbàdí.

Mo ní, "Olóyè, òrùlé yín dà?"

Ó ní, "Kábíyèsí Fẹ́ẹ́rẹ́ ló bá wa gbé e! Nígbà tó dé, ọmọ kékeré ni. A gbé omi gbígbóná fún un pé kó wẹ̀, ó mu ún. Ó tóbi sí i. A tún gbé òmíràn wá, ó tún mu ún. Kó tó lọ, ó ti ga ju òkè lọ. Èèyàn pàtàkì! A fi jẹ Agbórùléfò ìlú yìí."

"Ṣé ẹ ò rí i pé omi yín ló sọ ọ́ di ohun tó dà? Ẹ pa iná yẹn! Ẹ gbé omi tútù fún un!"

Gbogbo wọn ń wò mí bí ẹni tó tutọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀. Olóyè Ajíkíni ní, "Omi tútù? Fún àlejò? Ìlú wa ò tíì bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀." Obìnrin kan tí ògiri ilé rẹ̀ ku ẹyọ kan fi igi sí iná. Ó ní òun gbọ́ pé àbúrò Fẹ́ẹ́rẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn, òun ò sì fẹ́ kó bá omi lọ́wọ́ọ́rọ́; kó bá a ní híhó ni. Mo bú wọn, wọ́n ní kí n máa lọ ire. Ẹ ò rí nǹkan? Wọ́n tún bu omi gbígbóná fún èmi náà wẹ̀! Mo sì wẹ̀ ẹ́, nítorí ara ń ro mí.

Kò pẹ́ tí àwọn Aláàárù fi gbé mi bá ìjì. Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ má rí i! Ìkùukùu mọ odi yíká, odi náà ń yí, ó ń ké ramúramù. Páànù ń fò. Igi ń fò. Mo rí ewúrẹ́ kan tó ń fò kọjá, ó ń jẹ ewé igi tó ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo di igbá mi mú, mo kó sínú odi náà. Ká ní ẹnì kan nínú yín ni, ì bá ti kú. Èmi náà kú díẹ̀.

Ṣàdédé ni ariwo dá. Mo ti bọ́ sí àárín gbùngbùn rẹ̀, oòrùn ń ràn, ojú ọ̀run mọ́ roro, kò sí atẹ́gùn tó lè mi ìyẹ́ adìẹ. Àwọn ẹyẹ tí ìjì ká mọ́ jókòó kiri, ó ti rẹ̀ wọ́n. Fẹ́ẹ́rẹ́ wà lórí ìtẹ́ tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi fífọ́ kàn, ó sanra, ó dé adé ìkùukùu. Àwọn ìjòyè rẹ̀ ń sáré yí i ká lára odi, wọ́n ń kígbe, "Kábíyèsí ń lọ! Kábíyèsí ń lọ!"

Mo ní, "Fẹ́ẹ́rẹ́, o ti ba ayé jẹ́."

Ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Wo ibí, ṣé ewé kan mì? Àlàáfíà ló wà nínú ìjọba mi. Àwọn ọ̀tá ló ń sọ pé ìjì ń jà."

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìyàwó mi jókòó sí, ó gbé atẹ́ lé ẹsẹ̀, ó fajú ro. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Bàbá Mórẹ́nikẹ́, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀? Ṣé ẹ kọ́kọ́ jẹun ni?" Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀, omi lé rodo sójú mi. Fẹ́ẹ́rẹ́ ní, "Ẹ kì mí lẹ́ẹ̀kan péré, n ó sọ̀ yín kalẹ̀." Ìyàwó mi ní, "Èémí ajá." Láti ọjọ́ tó ti gbé e ni wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀ báyìí.

Ìgbà náà ni ìjòyè kan ké pé, "Kábíyèsí, ilẹ̀ ń bọ̀ níwájú!" Fẹ́ẹ́rẹ́ nu ẹnu, ó ní wọ́n á ti gbé omi kaná. Mo sọ ohun tí akàn sọ fún mi fún un, pé ibẹ̀ ló máa fọ́ sí, tòun ti gbogbo wa. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó dìde, ó nahùn, "Ẹ yí padà! Ẹ gbé mi lọ sílé, kí ìyá mi lè rí ohun tí mo dà!" Àwọn ìjòyè pàtẹ́wọ́: "Kábíyèsí ti yí padà! Kábíyèsí ti yí padà!" Wọ́n ń yọ̀, wọ́n ń jó, ilẹ̀ sì ń sún mọ́ wa.

Mo gba àárín wọn sáré bá àwọn Aláàárù nísàlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin ará ibí, ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí ọba sọ ni?"

Àgbà inú wọn ní, "Ọba wo? Ẹrù la rù. A kì í fẹ̀yìn rìn, àfi bí ọ̀nà bá yà. Ọ̀nà kan sì wà tó yà sápá òtútù lókè lọ́hùn-ún, ó yípo padà sí ìlà-oòrùn, ó dé ilẹ̀ yín. Àmọ́ ìyá arúgbó kan ló jókòó sójú òkun, ó na ẹsẹ̀ dí i. Ṣé kí a ré ẹsẹ̀ àgbà kọjá ni?"

Mo ní, "Èèwọ̀!" Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ta ni wọ́n bí dáadáa tó máa ré ẹsẹ̀ àgbà kọjá?

Ó ní, "Ìdí nìyẹn tí a fi ń gba ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mọ, ibẹ̀ ló sì ń gbé wa lọ sórí ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá, kó ṣàgò, ìyá á ká ẹsẹ̀ kò."

"Gbogbo ìjì tó ti gba ibí kọjá, kò sí èyí tó ṣàgò rí?"

Ó ní, "Ọba ni gbogbo wọn."

Mo gbójú sókè, mo sì rí ìyá náà. Ó jókòó sórí omi bí ẹni jókòó sórí ẹní, ó ń bó ẹ̀gúsí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà lọ jìnnà réré. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo kí i ní gbogbo kíkí tí mo mọ̀, mo ṣàgò. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ohùn ẹrù ni mò ń gbọ́. Ẹni tó ni ariwo ńkọ́?"

Mo padà lọ bẹ Fẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní òun kọ́, ọba kì í dọ̀bálẹ̀. Àwọn ìjòyè ní, "Kábíyèsí kì í dọ̀bálẹ̀!" A ti ń rí igi orí ilẹ̀ báyìí, a ti ń rí ilé, a ń rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń kó ọmọ wọn sá lọ. Èmi tí mo pa ẹfọ̀n, tí mo bá iwin wí, mo sá sẹ́yìn ìyàwó mi. Ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Olówó orí mi." Láti ọjọ́ ìyàwó kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ikú dé.

Àmọ́ Àyìnkẹ́ kò dákẹ́. Ó yíjú sí ìtẹ́. "Fẹ́ẹ́rẹ́." Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe ọmọ náà lórúkọ. "Fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìyá rẹ bá rí ọ báyìí, ojú á tì í. Kì í ṣe tìtorí pé o kéré. Tìtorí pé o rí àgbà, o ò kí i. Dìde, kí o lọ kí ìyá."

Ó ní, "Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ta ni? Àwọn ìjòyè rẹ? Bí o bá fọ́, àbúrò rẹ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n máa lọ yí ká. Bi wọ́n."

Ó wo àwọn ìjòyè. Gbogbo wọn wolẹ̀. Ọmọ náà dìde, ó ṣí adé, ó na gbogbo ìkùukùu ara rẹ̀ sílẹ̀ lójú omi, ohùn rẹ̀ sì dà bíi ti ìgbà tó ń gbé háríhá. Ó ní, "Àgò o, ìyá. Èmi Fẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọmọ Ìrì àti Ọ̀gbẹlẹ̀, ará Ọ̀dàn-Ẹtu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ká ẹsẹ̀ kò. Mo fẹ́ lọ sílé."

Ìyá arúgbó ní, "Àgò yà, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ tiẹ̀ ti ń kú mọ́ mi lára." Ó ká ẹsẹ̀ kò, ọ̀kan, ìkejì. Àwọn Aláàárù yà. Ilẹ̀ àti igi àti àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé sá lọ yẹn, gbogbo wọn yí sẹ́yìn wa. Mo jókòó, mo sunkún bí ọmọdé, ìyàwó mi sì jẹ́ kí n sun ún.

Bí a ṣe bọ́ sínú omi tútù, Fẹ́ẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọn. Àwọn ìjòyè já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú ní òun ní ìpàdé kan níbòmíràn. Àwọn Aláàárù apá ibẹ̀, tí wọ́n ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ wá sí ìlà-oòrùn, gbà wá lọ́wọ́ àwọn ti ìṣáájú. Òkè òkun jìn lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ṣàgò, bó ti wù kó jìn tó, ọ̀nà ilé á rí i.

Nígbà tí a dé Ọ̀dàn-Ẹtu, màrìwò ni wọ́n fi ṣe gbogbo ìta lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n ti gbé àga ńlá kalẹ̀ de Fẹ́ẹ́rẹ́. Baba Ọlọ́jẹ̀ẹ́dé dìde dúró, òógùn bò ó, ó ń sọ bí ọmọ ìlú yìí ṣe ṣí òrùlé lókè òkun tó sì gbé orúkọ wa ga. Fẹ́ẹ́rẹ́ wọlé tọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, ó ní, "Àgò o, bàbá." Fìlà baba mì díẹ̀. Baba ní, "Atẹ́gùn wo nìyí? Ẹ sọ fún un kó dúró níta, èèyàn ńlá là ń retí!" Baba kú sórí ìrètí náà. Ikán ti jẹ àga tán.

Ṣé o wá rí i, Làmídì? Ẹni tí rédíò rẹ ń sọ, àbúrò Fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ó gba Ẹ-kú-àbọ̀ kọjá, wọ́n gbé omi híhó fún un, kò sì ṣàgò. Àwọn tó fọ́ mọ́ lára lọ́hùn-ún, ìyàwó ẹnì kan ni wọ́n, ọkọ ẹnì kan ni wọ́n. Kò kàn wá, àbí?

Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ gbọ́ ewé àgbàdo tó ń mì yẹn? Àyìnkẹ́ ló ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìnkùlé: "Fẹ́ẹ́rẹ́, èlùbọ́ ti gbẹ, o ṣeun. Gba iwájú ilé lọ, àmọ́ kí o kí àwọn àlejò olówó orí mi o."

Làmídì, ká ẹsẹ̀ rẹ kò. Ọmọ wa fẹ́ kọjá.